Ìrìbọmi Ládàánì

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Fọlọ́runṣọ́ fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìtàn kí ìjọba tó ní kó máa lọ ilé lọ sinmi. Nínú gbogbo ohun tó kọ́ wọn, kò sí èyí tó mọ̀ ọ́n kọ́ tó ogun àgbélébùú, ogun tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì ilẹ̀ Yúróòpù gbé lọ bá àwọn Mùsùlùmí ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn nítorí Jerúsálẹ́mù. Tó bá ti dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, kì í wo ìwé mọ́. Á sọ bí wọ́n ṣe rán àgbélébùú mọ́ aṣọ, bí wọ́n ṣe rìn títí ẹsẹ̀ wọn fi wú, bí wọ́n ṣe wọ ìlú náà, tí wọ́n pa ọkùnrin, pa obìnrin, pa ọmọ ọwọ́, tí wọ́n sì kúnlẹ̀ gbàdúrà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò tíì gbẹ. Á sọ ti àwọn tí wọ́n fi idà sí lọ́rùn pé kí wọ́n yan omi ìrìbọmi tàbí ikú. Á ní àwọn Mùsùlùmí náà pa tiwọn nígbà tó yí kàn wọ́n. Lẹ́yìn náà á bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, á ní, "Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ Ọlọ́run bo ìwà ìkà mọ́ yín lójú." Àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé wọn.

Ọ̀rọ̀ dáadáa ni, ẹnu òun náà ló sì ti jáde. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tó wá ṣe kì í ṣe ohun tí èèyàn lè pè ní àìmọ̀kan.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ìpótì, sínú ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ọláníyì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń gbé ní òdìkejì òpópónà. Ìyá kan náà, bàbá kan náà ló bí wọn. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti mú Ọláníyì fún àbúrò ìyá wọn ní Ìjẹ̀rò, Mùsùlùmí sì ni ọkùnrin náà. Ilé kéú ni Ọláníyì ti dàgbà, Búráímọ̀ ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti jẹ́ ládàánì mọ́ṣáláṣí Ìpótì, òun ló ń pe àwọn èèyàn sí ìrun. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká, oko kòkó rẹ̀ ti di ti àwọn tí ara wọn le. Ohùn yẹn nìkan ló kù fún un, ó sì ń tọ́jú rẹ̀: lójoojúmọ́ ló ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ mu oyin, kì í pariwo, kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn bọ́ọ̀lù.

Ìjà kankan ò sí láàárín àwọn méjèèjì. Bí Iléyá bá dé, itan àgbò á sọdá sí ilé Fọlọ́runṣọ́. Bí Kérésìmesì bá dé, ìrẹsì àti adìyẹ á sọdá padà. Bí ìjọ bá ń ṣe ìkórè, ẹ ó rí Ọláníyì nínú agbádá funfun lórí àga kẹta, á máa mi orí sí orin. Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé títí Bàbá Ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì Òkè-Ìrètí fi kú.

Oyè Bàbá Ìjọ! Ẹni tí kò bá gbé irú ìlú wa rí lè rò pé nǹkan kékeré ni. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ń jókòó sórí àga ọlọ́wọ̀ ní ọwọ́ ọ̀tún pẹpẹ, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè nínú àdúrà, bó bá sì kú, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti máa tẹ́ ẹ. Fọlọ́runṣọ́ fẹ́ oyè náà débi pé kì í lè jẹun dáadáa bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Bọ́láwálé, tó fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì ìjọba l'Ádó, fẹ́ ẹ pẹ̀lú. Àwọn èèyàn Bọ́láwálé kò sì bú Fọlọ́runṣọ́ o. Wọ́n kàn ń béèrè ni, wọ́n ń béèrè níbi ìpàdé àwọn àgbà, wọ́n ń béèrè lẹ́yìn ìsìn: "Ṣé ilé tí ládàánì ti ń jáde náà la ó ti lọ mú Bàbá Ìjọ?"

Ìbéèrè yẹn wọ Fọlọ́runṣọ́ lára. Kò fi han ẹnikẹ́ni, àfi Ẹ̀yínadé ìyàwó rẹ̀, tó ń gbọ́ bó ṣe ń pòṣé lójú oorun.

Nígbà tí àjọ̀dún ọdún márùndínlọ́gọ́rin ìjọ ń bọ̀, tí Bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ sì ń bọ̀, Fíkà Olúkáyọ̀dé, àlùfáà ìjọ náà, ní kí Fọlọ́runṣọ́, tí gbogbo ìlú ń pè ní Tíṣà, kọ eré kan. Tíṣà kọ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, ó pè é ní Ìṣẹ́gun Jerúsálẹ́mù. Àgbélébùú wà níbẹ̀, idà pákó wà níbẹ̀, ọba aládé wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì ṣe ọba. Ẹ̀jẹ̀ ni kò sí. Ọkùnrin tó ti fi ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ka òkú ogun yẹn fún àwọn ọmọ kò rántí òkú kan ṣoṣo. Ní ìparí eré, wọ́n á mú balógun àwọn Mùsùlùmí wá, á kúnlẹ̀ níwájú ọba, Fíkà á da omi sí i lórí, orin á ta. Daniel tó ń kọ́ni ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣe balógun náà. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ṣe ìdánrawò, abọ́ ìrìbọmi ṣófo, Fíkà á kàn dà á bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀, Daniel á sì nu ojú gbígbẹ, gbogbo wọn á máa rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ àjọ̀dún, ibà dá Daniel dùbúlẹ̀. Kò lè gbé orí.

Fọlọ́runṣọ́ jáde sí gbangba ṣọ́ọ̀ṣì, adé páálí lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wá ẹni tó lè fi rọ́pò. Ẹni tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, nínú agbádá funfun, lórí àga kẹta. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ létí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ gbà mí. Ẹ wá bá mi ṣe balógun yìí. Ẹ ò ní sọ nǹkan kan, ẹ kàn máa kúnlẹ̀ ni."

"Kí èmi kúnlẹ̀ fún ùwọ?" Ọláníyì bú sẹ́rìn-ín. "Fọlọ́runṣọ́! Yèyé wa á dìde níbi tó sùn sí."

"Eré ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gbọ́ pé eré ni. Ṣùgbọ́n o mọ uṣẹ́ tí mò ń ṣe nínú ìlú yìí. Ṣé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀?"

"Kò sí."

Ní àkókò tó sọ ọ́ yẹn, òótọ́ ni. Ọláníyì wo ojú àbúrò rẹ̀, ó wo adé páálí, ó tún rẹ́rìn-ín, ó dìde. Ó nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ìdí mìíràn.

Nínú yàrá tí àwọn àlùfáà ti ń múra, Fíkà gbé abọ́ náà dání. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá Tíṣà, mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n yín ló ń bọ̀ wá kúnlẹ̀. Ládàánì fúnra rẹ̀, níwájú Bíṣọ́ọ̀bù." Ó wo inú abọ́ náà. "Ṣé kí n bu omi sí i?"

Fọlọ́runṣọ́ wo ojú fèrèsé. Lóde, Bọ́láwálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bíṣọ́ọ̀bù, Bíṣọ́ọ̀bù sì ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹ bu ú," ni Fọlọ́runṣọ́ wí.

Eré náà lọ dáadáa. Ìgbà tí wọ́n mú balógun jáde tí àwọn èèyàn rí i pé ládàánì ni, ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Àwọn kan gun orí àga. Ọláníyì ń ṣe ojú bíi ti balógun, ó fa ẹsẹ̀, ó mi orí kọ̀, àwọn ọmọdé sì ń pàtẹ́wọ́ fún un, inú rẹ̀ ń dùn. Fọlọ́runṣọ́ fi idà pákó kàn án lọ́rùn. "Kúnlẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀ fún àbúrò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ogun ọba ṣí fìlà kúrò lórí rẹ̀.

Omi náà tutù. Ara Ọláníyì gbọ̀n. Fíkà kò sọ ọ̀rọ̀ inú eré. Ó sọ èyí tó wà nínú ìwé àdúrà, ó sọ ọ́ tán pátá, kò kánjú: "Abraham, mo ṣe ìrìbọmi fún ọ ní orúkọ Baba, àti ti Ọmọ, àti ti Ẹ̀mí Mímọ́." Ó sì fi ìka sàmì àgbélébùú sí iwájú orí rẹ̀.

Bíṣọ́ọ̀bù fò dìde. Omijé wà lójú rẹ̀. Ohun tó rí nìyẹn, arúgbó Mùsùlùmí lórí eékún àti àlùfáà tó ń ṣe ìrìbọmi. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé nǹkan mìíràn ni. Ó kígbe, "Ẹ yin Olúwa!" Ó sọ̀kalẹ̀, ó dì mọ́ Ọláníyì, ó gbé e dìde. Ọláníyì fi apá agbádá nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń wo ẹ̀yìn Bíṣọ́ọ̀bù kó lè rí àbúrò rẹ̀, kó fi ojú béèrè bóyá ibí yìí náà wà nínú eré. Àbúrò rẹ̀ ń wo ilẹ̀.

Kí wọ́n tó jẹ ìrẹsì àjọ̀dún tán, akọ̀wé ìjọ ti kọ orúkọ sínú ìwé ìrìbọmi: Abraham Ọláníyì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, fídíò rẹ̀ ti wà lórí fóònù gbogbo ìlú. Ní Ìjurìn wọ́n rí i. Ní Ìjẹ̀rò wọ́n rí i, nínú ilé kéú tó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ìrun.

Ní ọjọ́rú, Ọláníyì sọdá òpópónà. Kò jókòó. Ojú rẹ̀ ti wọnú ní ọjọ́ mẹ́ta péré.

"Wọ́n ní kí n má pe ìrun mọ́," ó wí. "Láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Lèmọ́ọ̀mù ò bínú sí mi o. Ó ní òun mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti rí omi, wọ́n ti gbọ́ ohun tí àlùfáà wí, wọ́n sì gbọ́ pé orúkọ mi ti wọ ìwé. Mo ní eré ni. Wọ́n ní kí ẹni tó kọ eré wá sọ ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, Fọlọ́runṣọ́. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, kí o kàn yọjú sí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, kí o ní, 'Èmi ni mo kọ ọ́, eré ni, mi ò sọ fún un pé omi wà níbẹ̀.' Ó tán. N óò padà sí ìdí uṣẹ́ mi." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Tí wọ́n bá gba èyí lọ́wọ́ mi, kí ni mo tún kù fún?"

"Ẹ má dààmú. Mò ń bọ̀."

"Ṣé wàá wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo máa ń purọ́ fún yín ni? Mò ń bọ̀."

Ẹ̀yínadé dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bu oyin sínú ìgò kan fún Ọláníyì pé kó máa fi tọ́jú ohùn de ọjọ́ Jímọ̀. Ọkùnrin náà gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ní ọjọ́bọ̀, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ Bíṣọ́ọ̀bù. Fíkà fúnra rẹ̀ ló gbé e wá, ó kà á sókè nínú pálọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù ní nítorí pé Fọlọ́runṣọ́ mú ọmọ ìyá rẹ̀ jáde láti inú òkùnkùn, òun fọwọ́ sí i kí wọ́n fi í jẹ Bàbá Ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun yóò sì wà níbẹ̀. Fíkà ká lẹ́tà náà.

"Bàbá, mo gbọ́ pé wọ́n ń retí yín níbì kan lọ́la."

Fọlọ́runṣọ́ dìde, ó ti ilẹ̀kùn pálọ̀.

"Mi ò ní kí ẹ má lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní eré ni, èmi tí mo ṣe ìrìbọmi ńkọ́? Ojú wo ni Bíṣọ́ọ̀bù á fi wò mí? Ojú wo ni yóò fi wo ẹ̀yin?" Ó fi lẹ́tà náà lé orí tábìlì. "Ara lè ṣe èèyàn bákan lọ́la. Kò sí ẹni tí kì í ṣe."

Ní ọjọ́ Jímọ̀, Fọlọ́runṣọ́ wẹ̀, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó dé fìlà. Ó jókòó sórí àga ní pálọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ké, ohùn ọ̀dọ́ kan ló jáde, ó ń sáré, ó ń já níbi tí Ọláníyì ti máa ń fà á. Ẹ̀yínadé ní, "Àkókò ti tó, Bàbá Mofẹ́." Fọlọ́runṣọ́ fi ọwọ́ kan ọrùn ara rẹ̀. Ó ní ara òun gbóná. Ó bọ́ fìlà, ó wọlé lọ dùbúlẹ̀, ó sì fi aṣọ bo orí bí ọmọdé tí kò fẹ́ lọ iléèwé. Ojo ni. Kò sí orúkọ mìíràn tó yẹ ẹ́.

Ẹ̀yínadé ló da ìborùn sórí tó jáde. Ìrọ̀lẹ́ ló padà.

"Wọ́n dúró dè yín títí wọ́n fi kí ìrun aago mẹ́rin," ó wí, ó dúró sí ẹsẹ̀ ibùsùn. "Ẹ̀gbọ́n yín dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀nà ulé wa. Gbogbo ẹni tó bá yọ, á ní, 'Ó ti dé.' Mo ní kí n sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní èmi kọ́ ni mo kọ eré. Lèmọ́ọ̀mù wá ní kó máa lọ ulé. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń hó lé e lórí bó ṣe ń lọ, wọ́n ń pè é ní Abraham."

Fọlọ́runṣọ́ tún fa aṣọ náà mọ́rí.

"Ìgò oyin yẹn," Ẹ̀yínadé wí, "ó ti mu ún tán o."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn kan dúró lóde lábẹ́ igi máńgòrò. Fọlọ́runṣọ́ wọ agbádá àlàárì, Ẹ̀yínadé sì jókòó sí ẹ̀yìn pátápátá, ó kọ̀ láti wá sí iwájú. Ní Òkè-Ìrètí, ẹni tó fẹ́ jẹ Bàbá Ìjọ kì í dá rìn lọ sórí àga. Ẹni tó dàgbà jù nínú ìdílé rẹ̀ tó ṣì wà láàyè ló ń fà á lọ́wọ́ lọ jókòó, bí ẹni pé ilé rẹ̀ ló fi í ta ìjọ lọ́rẹ. Bíṣọ́ọ̀bù béèrè ẹni náà. Kí Fọlọ́runṣọ́ tó rí ọ̀rọ̀ tò, ohùn kan ti sọ ọ́ láti iwájú. Bọ́láwálé ni. Ó dìde, ó tẹrí ba.

"Olúwa mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, arákùnrin wa Abraham. A ò tíì rí i láti ọjọ́ ìrìbọmi. Ṣé kó má jẹ́ pé àwọn Mùsùlùmí ń dí i lọ́nà?"

Ariwo sọ. Bíṣọ́ọ̀bù dìde. "Ẹ jẹ́ ká lọ mú un wá pẹ̀lú orin. Bàbá Ìjọ, ẹ ṣáájú."

Wọ́n gbé àgbélébùú onígi ńlá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ, wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Báyìí ni Fọlọ́runṣọ́ ṣe ṣáájú nínú oòrùn ọ̀sán, igba èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, àgbélébùú ní àyà, ó ń rìn lọ sí ilé ọmọ ìyá rẹ̀. Ó mọ ohun tí òun ń ṣe. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó o ní gbogbo ìwọ̀ oòrùn Èkìtì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀síbẹ̀.

Ọláníyì wà lórí ìjókòó kékeré níwájú ilé, bútà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá kó lè dá ìrun ọ̀sán rẹ̀ kí. Ó ti fọ ọwọ́, ó ti fọ ojú, ó kù ẹsẹ̀. Ó gbé orí sókè, ó rí wọn.

Wọn ò nà án. Ẹ má gbọ́ ọ lọ́nà mìíràn, kò sí ẹni tó lù ú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ká a mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ gbé e lábíyá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Bútà dojú dé, omi rẹ̀ ṣàn sábẹ́ bàtà wọn. Obìnrin kan ṣí fìlà rẹ̀, ó jù ú sẹ́yìn, òmíràn ń fi aṣọ akọrin wọ̀ ọ́ lọ́rùn, wọ́n sì ń kọrin sí i létí, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Arúgbó náà ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n orin bo ohùn rẹ̀, ohùn tí gbogbo ìlú ti fi ogójì ọdún gbọ́ láti orí òkè mọ́ṣáláṣí. Ó jà títí ó fi kọjú sí ẹni tó gbé àgbélébùú.

"Fọlọ́runṣọ́!"

Ó ké e débi pé orin já. Bíṣọ́ọ̀bù ń wo Fọlọ́runṣọ́, Fíkà ń wò ó. Bọ́láwálé na ọrùn.

"Ọmọ yèyé mi, wo ojú mi. Sọ fún wọn."

Kò bú u. Kò ṣépè. Ó dúró láàárín ọwọ́ wọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ tutù, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ kan péré, ó sì hàn lójú rẹ̀ pé ó ṣì rò pé àbúrò òun á sọ ọ́.

Fọlọ́runṣọ́ la ẹnu. Orin ló dá, gbogbo wọn sì gbè é.